"Fafunwa (2014)": Bí A Ṣe Tọpa Ìtọ́kasí Mẹ́tàlélógún

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kejì ọdún yìí. Ọmọbìnrin kan tó wà ní ipele 400 ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ wá bá mi nídìí tábìlì tí mo máa ń jókòó sí ní ilé ìkàwé wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé orí kejì pírọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síwájú mi. Súpáfáísọ̀ rẹ̀ ti fi bírò pupa yí ìlà kan po, wọ́n sì kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Níbo lo ti rí i?"

Ohun tó wà nínú ìlà náà ni pé Fafunwa (2014) ti fi ìwádìí múlẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá fi èdè abínibí kọ́ fún ọdún mẹ́fà máa ń ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nínú gbogbo iṣẹ́, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ kí n bá òun wá ìwé náà, kí òun lè mú un lọ han ọ̀gá òun.

Mo bi í pé, "Ta ni Fafunwa?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, mà. Àwọn ni wọ́n ní ká máa fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ níwèé."

"Ó dáa. Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

Ó dákẹ́. Kò ronú kàn án rí. Ọdún 1923 ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, wọ́n ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà láàárín 1990 sí 1992, wọ́n sì papò dà ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Báwo ni wọ́n ṣe wá kọ ìwádìí ní 2014?

Mo yára sọ fún un pé kí ó má tíì pè é ní irọ́. Wọ́n máa ń tẹ iṣẹ́ ẹni tó ti lọ jáde, wọ́n sì máa ń tún ìwé àtijọ́ tẹ̀. Ọdún yẹn nìkan kò tó láti dá ẹjọ́, àmọ́ ó tó láti gbé wa dìde lórí ìjókòó. Bí a ṣe dìde, ibi tí a dé, àti ohun tí a bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Ọmọ náà ti gbà kí n kọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ òun, ọ̀gá rẹ̀ tàbí ilé ẹ̀kọ́ wa, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ń ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí pírọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dá lé, kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Fafunwa ló ṣáájú rẹ̀, Ford Foundation, àjọ ìrànwọ́ kan ní Amẹ́ríkà, sì fi owó tì í lẹ́yìn. Six-Year Primary Project ni wọ́n pè é. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn kíláàsì kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà fún ọdún mẹ́fà gbáko. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì dunjú ni wọ́n sì fi sídìí rẹ̀. Kíláàsì tí wọ́n fi ń díwọ̀n wọn ń ṣe bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe nígbà náà: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é, lórí àwọn ọmọ wa, ní èdè wa. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn nígbà tí mo bá rí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó ń fi ìwé tí kò sí ṣe ẹ̀rí ohun tó ní ẹ̀rí.

Mo ní kí ó sọ bí ó ṣe kó ìtọ́kasí rẹ̀ jọ, kí ó má fi nǹkan kan pamọ́, pé mi ò ní bínú. Ó sọ ọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ní ìrọ̀lẹ́ kí ó lè rí owó ilé ìwé san, kì í sì í délé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lóru ọjọ́ kan ó ní kí ẹ̀rọ AI kan tó wà lórí fóònù òun kọ ogún ìtọ́kasí lórí fífi èdè abínibí kọ́ni ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tò gẹẹrẹ: orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, orúkọ jọ́nà, ìdìpọ̀, ojú ewé. Ó fi mẹ́ta tí ó rí lórí àwọn ojú òpó kan kún un, ó di mẹ́tàlélógún. Ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó gbà tọkàntọkàn pé ohun tó tò létòlétò báyẹn ti ní láti wá láti ibì kan.

Ẹ̀rọ náà kò ṣí ìwé kankan. Ìtọ́kasí tó ti gba ojú rẹ̀ kọjá pọ̀ débi pé ó mọ bí ìtọ́kasí ṣe máa ń rí, ó mọ ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ èdè abínibí, orúkọ Fafunwa kì í jìnnà. Ó wá mú orúkọ gidi, ó so ó mọ́ ọdún tí kò bá a mu, mọ́ jọ́nà tó wà lóòótọ́, mọ́ àkọlé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Àwọn kan nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ti ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí kí wọ́n tó dáhùn, wọ́n á sì fi líǹkì hàn ọ́. Ìyẹn sàn. Síbẹ̀ líǹkì lè ṣí dáadáa kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má bá ohun tí wọ́n ní ó sọ mu rárá.

Mo fún un ní abala ìwé kan, mo ní kí ó fi rúlà pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kìíní wà fún èyí tó wà, tó sì sọ ohun tí a ní ó sọ. Apá kejì wà fún èyí tó wà, àmọ́ tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Apá kẹta wà fún èyí tí a wá tí a kò rí. "Fafunwa (2014)" la fi bẹ̀rẹ̀. A fi àmì àyọlò há àkọlé rẹ̀ láàárín, a sì wá a lórí Google Scholar, apá Google tó wà fún iṣẹ́ ìwádìí, kí ẹ̀rọ aṣàwárí má baà tú àwọn ọ̀rọ̀ náà ká kí ó wá kó ohun tó jọ ọ́ wá fún wa. Kò sí. A yọ àmì náà kúrò, a tún un wá: ohun tó jọ ọ́ pọ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. A kọjá sí ojú òpó jọ́nà tí wọ́n dárúkọ. Jọ́nà wà. Ìdìpọ̀ tí wọ́n kọ wà. A ṣí i, a ka gbogbo àkọlé inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ojú ewé tí ìtọ́kasí náà ní òun wà, iṣẹ́ ẹlòmíràn la bá níbẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé ẹnu.

Ìtọ́kasí kẹrin ní DOI. Nọ́mbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 ni, wọ́n ń fún iṣẹ́ ìwádìí bí wọ́n ṣe ń fún mọ́tò ní nọ́mbà, kí a lè máa rí i kódà bí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ bá gbé e kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. A kọ nọ́mbà náà sórí doi.org. Ó ṣí. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ sáré kọ ọ́ sí apá kìíní. Mo ní, "Dúró ná. Ka àkọlé rẹ̀ sí mi létí." Ọ̀rọ̀ ẹja ọ̀sìn ni. Nọ́mbà mọ́tò yẹn jẹ́ nọ́mbà gidi, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ṣáà gbé e sí.

Nígbà tí a fi máa dé ìkẹjọ, ojú rẹ̀ ti le. Ohun gbogbo tí kò bá ti ní DOI, tí kò sì jáde lójú ẹsẹ̀ lórí Google, ó ti ń fà á sí apá kẹta. Mo ní láti dá a dúró níbẹ̀, torí àṣìṣe yìí kò kéré sí ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá àwọn ti àtijọ́, kò ní DOI. Àwọn kan wà lórí AJOL, ojú òpó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998 láti máa kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ síbì kan, ibẹ̀ la sì ti rí méjì. Òmíràn kò sí níbikíbi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mú un lọ sí yàrá tí a ń kó jọ́nà sí lókè, níbi tí a ti di àwọn ẹ̀dà ọdún 1980 sí 1989 papọ̀ ní páálí pupa. Eruku bò wá. Iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, ojú ewé rẹ̀ pé, orúkọ òǹkọ̀wé pé. Bí a bá ti gbà pé ohun tí Google kò mọ̀ kò sí láyé, a ti sin ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn olùkọ́ wa kọ ní ogójì ọdún sẹ́yìn láàyè.

Ọjọ́ méjì ló gbà wá kí á tó parí rẹ̀. Nínú ogún tó wá láti ọ̀dọ̀ AI, mẹ́sàn-án ni a kò rí níbikíbi, mẹ́fà wà àmọ́ wọn kò sọ ohun tí ó kọ pé wọ́n sọ, márùn-ún péré ló dúró. Àwọn mẹ́fà yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Èyí tí kò sí, ẹni tó bá wá a á rí i pé kò sí. Èyí tó wà tó sì ń jẹ́rìí èké, títí a ó fi jókòó kà á ni kò ní tú. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń bá ohun tí ọmọ náà fẹ́ fi í gbè lẹ́yìn jiyàn.

Ó ku àwọn mẹ́ta tó wá láti ojú òpó. Ẹni tó bá ti bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì gbé mọ irú ojú òpó wọ̀nyí: wọ́n kó àkọlé pírọ́jẹ́ẹ̀tì jọ bíi ti alátẹ, orí kìíní ọ̀fẹ́ ni, owó lo ó fi gba ìyókù. Mo ní kí ó mú gbólóhùn kan láti inú ọ̀kan, kí ó fi àmì àyọlò há a, kí ó sì wá a. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pẹ̀lú gbólóhùn kan náà, àṣìkọ kan náà sì wà níbì kan náà nínú wọn. Ó ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé "ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló fara mọ́ èyí". Ohùn kan ṣoṣo ni, tó ń ti ẹnu mẹ́ta jáde. Bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá dé kóòtù tí ọ̀rọ̀ wọn kò fi ibì kan yàtọ̀, tí wọ́n tún ṣi ọ̀rọ̀ kan náà pè, adájọ́ á bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́ wọn.

Ohun kan tún wà nínú ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ tó fún mi láyọ̀, torí pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló rí i. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan lò, wọ́n ní inú ìròyìn kan tí wọ́n kọ ní 1976 ló ti wá, "Obafemi Awolowo University" sì wà nínú àyọlò náà. Ó wò ó, ó tún un wò. "Mà, ṣé orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nígbà yẹn nìyí?" Rárá. Ọdún 1987, lẹ́yìn ikú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni Yunifásítì Ifẹ̀ gba orúkọ yẹn. Ẹni tó ń kọ̀wé lónìí lè fi orúkọ tuntun pè é, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ àyọlò láti 1976 kò lè mọ orúkọ tí wọn kò tíì sọ. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ojú rẹ̀ ti là.

Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ohun tó ti ń tẹ̀ sórí Google tẹ́lẹ̀ ni odidi ìbéèrè, bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Mo ní kí ó kọ gbogbo orúkọ tí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí lè fi pè é, láti àtijọ́ di òní. Ó kọ "mother tongue" pẹ̀lú àmì ìsopọ̀ àti láìsí àmì, ó kọ "medium of instruction" àti "language of instruction". Mo fi "vernacular" kún un, nítorí pé òun ni àwọn ìwé àtijọ́ ń lò. Ẹni tí kò bá wá a kò ní bá àwọn ìwé wọ̀nyẹn pàdé. A kọ "language of the immediate community", torí pé bí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ọdún 1977 ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ìwádìí náà fúnra rẹ̀ ní orúkọ tó ju ẹyọ kan lọ: "Ife Six-Year Primary Project", "Ife Primary Education Research Project", "SYPP", tàbí "Ife Project" lásán. Fafunwa náà lè jáde bíi "Babs", bíi "A. B.", bíi "Aliu Babatunde". Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ orúkọ kan ṣoṣo á rí ìdámẹ́rin ohun tó wà, á sì lọ kọ ọ́ pé ìwádìí kò pọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn àmì yòókù tí a máa ń tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ lórí Google kò gbà wá lákòókò: OR láàárín orúkọ méjì, kí ẹ̀rọ lè mú èyíkéyìí wá, site:edu.ng, kí ó wo ojú òpó àwọn ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà nìkan. Àti filetype:pdf, kí ó mú fáìlì PDF nìkan wá, torí odidi iṣẹ́ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ó bi mí bóyá Wikipedia jẹ́ èèwọ̀. Mo ní kì í ṣe èèwọ̀. Kí ó kà á kí ọ̀rọ̀ lè yé e, kí ó wá lọ síbi tí wọ́n to àwọn ìwé sí ní ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èrè wà.

Ọ̀nà tó ràn wá lọ́wọ́ jù lọ ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. A mú àwọn márùn-ún tó dúró, a ṣí ẹ̀yìn wọn, a wo ìwé tí àwọn náà tọ́ka sí. Ìwé méjì ló ń jáde léraléra. Ọ̀kan ni ìwé lórí èdè abínibí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde ní 1976. Orí kan wà nínú rẹ̀ tí Adébísí Afọláyan, tó wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, kọ lórí ìwádìí Ifẹ̀. Èkejì ni ìròyìn ìwádìí náà gan-an, láti 1970 dé 1978, tí Fafunwa àti àwọn méjì mìíràn ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1989. Èyí ni Fafunwa tó yẹ kó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ti 1976 wà lórí pẹpẹ wa, ní ìpín L tí a ń kó ìwé ẹ̀kọ́ sí, ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ ogún sí tábìlì tí ọmọ náà ti ń fi fóònù wá nǹkan. Ó gbé e mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó fẹ́ kọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé inú rẹ̀ ni èsì ìdánwò àwọn ọmọ náà wà. Mo ní kí ó fi ọdún ṣírò. Kíláàsì àkọ́kọ́ wọlé ní oṣù kìíní ọdún 1970, ọdún mẹ́fà wọn parí ní ìparí 1975. Ìwé tó jáde ní 1976 lè ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́ kí ọdún náà tó wọlé, torí ìwé títẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kí ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè mọ̀ nípa bí àwọn ọmọ náà ṣe ṣe ní ìparí? Ó jókòó kà á. Ètò iṣẹ́ náà àti bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwé náà wúlò fún un gidigidi, àmọ́ kì í ṣe fún ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ fi í ṣe.

Ti 1989 wà nínú kátálọ́ọ̀gì wa, kò sí lórí pẹpẹ. Ó ti sọnù, mi ò sì mọ ìgbà tó sọnù. Mo kọ lẹ́tà fún un láti lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ lọ ní ọjọ́ Ẹtì, torí pé kò ní lẹ́sìn lọ́jọ́ náà. Kó tó lọ, mo fún un ní ìwé kíkọ tuntun kan. Mo ní ojú ewé ọ̀tún ni kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìwé náà sí bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì àyọlò àti nọ́mbà ojú ewé. Ojú ewé òsì ni kí ó kọ ohun tó yé òun sí, ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ní Yorùbá bí ó bá fẹ́. Méjèèjì kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti dàpọ̀ ni ọmọ tí kò gbèrò láti jalè ti máa ń di olè ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tó padà dé, kò sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ ni pé wọn kò kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ tí wọ́n mọ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn yòókù lọ. Ó wá rí i pé wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀, olùkọ́ àkànṣe ló sì kọ́ wọn. Wọ́n tún ṣe ìwé tuntun fún iṣẹ́ náà. Ó béèrè ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ti ń béèrè tipẹ́: bí àwọn ọmọ náà bá ṣe dáadáa, mélòó nínú rẹ̀ ni ti Yorùbá, mélòó ni ti olùkọ́ àti ìwé? Ìlà tí wọ́n fi bírò pupa yí po di ìlà mẹ́rin. Ó sọ ohun tí ìwádìí náà rí, ó sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ó sọ ibi tí ó kù sí.

Èmi gbà pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi pé ó yẹ ká máa fi Yorùbá kọ́ ọmọ Yorùbá. Nítorí bẹ́ẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ yẹn dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo sì mọ̀ pé dídùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọmọ náà béèrè ibi tó ti wá. Ohun tí a fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ló yẹ ká yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, torí pé òun la máa ń jẹ́ kó wọlé láì kanlẹ̀kùn. Àwọn tí kò fẹ́ èdè wa nínú kíláàsì kò ní dárí jì wá bí wọ́n bá ká irọ́ kan mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun kan tún kù ní orí kìíní tí kò sẹ́ni tó rí i, èmi náà kò rí i níbẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Àmọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláùsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, kí wọ́n padà máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Ojú ewé tí ọmọ náà kà kò purọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ ló kọjá lórí rẹ̀. Ní ọ̀rọ̀ òfin àti ìlànà, kí a wá èyí tó dé kẹ́yìn kí a tó fi èdìdì dì í. Ní ti ìwádìí Mọdákẹ́kẹ́, ìwé ọdún 1989 ló lágbára ju ohun tí wọ́n kọ lánàá lọ. Tuntun kọ́ ló ń jẹ́ dáadáa níbi gbogbo, ó sì gbà wá lákòókò kí ìyẹn tó yé e.

Ìṣòro tó wá kù ni iye. Nígbà tí a yọ àwọn tó ṣubú kúrò, tí a sì fi àwọn tuntun kún un, ìtọ́kasí rẹ̀ di mẹ́rìnlá, ẹ̀ka wọn sì ní ogún ló kéré jù. Ó sunkún níwájú mi lọ́jọ́ yẹn. Mo lòdì sí kíka ìtọ́kasí bí ẹni ń ka ọsàn, mo sì ti sọ ọ́ ní ìpàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó mú ogún ẹlẹ́rìí wá, tí ó ní mẹ́rìnlá, á lọ gba mẹ́fà lójú títì. Mo tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ súpáfáísọ̀ rẹ̀, mo sì mú abala ìwé tí a pín sí mẹ́ta dání. Wọ́n gbé e sójú, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní kí ó mú mẹ́rìnlá náà wá.

Ohun tí èmi náà ń rò láti ìgbà yẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lílo ilé ìkàwé tí a máa ń ṣe fún wọn ní ọdún àkọ́kọ́. Ọmọ yìí ṣe é, ó tilẹ̀ gba máàkì tó dára. Inú gbọ̀ngàn ńlá ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́, ẹnì kan tó ń ka nóòtì sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. A kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń to ìwé sórí pẹpẹ, ọdún mẹ́ta gbáko kí wọ́n tó ní ìdí kan láti wá ìwé. Mo ti bẹ ẹ̀ka wọn pé ní sáà tó ń bọ̀, kí wọ́n fi àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pírọ́jẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí oníkálukú mú ìtọ́kasí márùn-ún tirẹ̀ dání. Wọn kò tíì dá mi lóhùn. Mo máa tún lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tún gbé orí kejì lọ fún súpáfáísọ̀ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé wọ́n kà á títí dé ibi tí ó ti kọ nípa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe yẹn, wọ́n sì dúró níbẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n tún béèrè pé, "Níbo lo ti rí i?" Ó ní òun ṣí báàgì òun, òun mú ìwé kíkọ náà jáde, òun ṣí i sí ojú ewé ọ̀tún, òun sì gbé e síwájú wọn.